Bankole Vivour: Ọmọ Nàìjíríà tó kú nínú ogun òfurufú lórí ilẹ̀ Jámánì lọ́dún 1944

Òṣùpá ràn yòò ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 1944. Fún ẹni tó bá jókòó sílé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, alẹ́ tó dára fún àlọ́ ni. Àmọ́ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nínú bàálù tó ń gbé àdó olóró, kò sí ọ̀tá tó burú tó òṣùpá.

Bàálù 795 ni iléeṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RAF, rán jáde lálẹ́ ọjọ́ náà láti lọ ju àdó olóró sí ìlú Nuremberg, ní ìhà gúúsù Jámánì. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, bàálù 95 kò padà wálé.

Nínú ọ̀kan lára àwọn bàálù 95 yẹn ni Bankole Beresford Vivour wà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Nàìjíríà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìtàn àwọn ṣọ́jà wa tó lọ jagun ní Bọ́mà. Ìlú tí kò ní bàbá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní "Bọ́mà" kò wọ́pọ̀ láyé ìgbà kan. Àmọ́ ìwọ̀nba ló mọ̀ pé àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tún wà lójú òfurufú Yúróòpù, tí wọ́n ń jókòó nínú bàálù kan náà pẹ̀lú àwọn òyìnbó, tí wọ́n sì ń kú pẹ̀lú wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Kí ni iṣẹ́ wọn? Kí ló sì ṣẹlẹ̀ lálẹ́ tí Vivour kú?

Ta ni Bankole Vivour?

Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ díẹ̀ nínú ìtàn náà. Bánkọ́lé: ẹni tí wọ́n bí pé kó wá bá wọn kọ́ ilé. Vivour ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ dáadáa láàrin àwọn Sàró l'Ékòó, ìyẹn àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn ti Sierra Leone padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn òwò ẹrú. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, orúkọ Yorùbá àti orúkọ òyìnbó máa ń jókòó pọ̀ lára ènìyàn kan.

Nínú RAF, ìkọ̀ 156 ni Vivour wà. Kì í ṣe ìkọ̀ lásán. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kó jọ ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1942, láti dá ẹgbẹ́ Pathfinder sílẹ̀, ìyẹn àwọn atọ́nà.

Iṣẹ́ àwọn atọ́nà ni láti ṣáájú àwọn yòókù dé ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n tan iná aláwọ̀ oríṣiríṣi sílẹ̀ láti òkè, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọ́n máa ju àdó olóró sí nínú òkùnkùn. Tí atọ́nà bá ṣì í, gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa ṣì í.

Ẹni tó ń ju àdó olóró ni Vivour nínú bàálù tirẹ̀. Òun ló máa ń dojú bolẹ̀ ní imú bàálù, tó ń wo ilẹ̀ láti inú gíláàsì. Tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, ohùn rẹ̀ ni awakọ̀ máa ń tẹ̀ lé: yà sí òsì díẹ̀, yà sí ọ̀tún, dúró bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ju ẹrù náà sílẹ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ yà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, kí kámẹ́rà lè ya àwòrán tó fi hàn pé wọ́n débẹ̀ lóòótọ́. Ìṣẹ́jú àáyá wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn sọ pé ó gùn jù láyé.

Báwo ni adúláwọ̀ ṣe wọ RAF?

Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, adúláwọ̀ kò lè di ọ̀gá nínú RAF. Òfin iṣẹ́ ológun náà sọ pé ẹni tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Yúróòpù pọ́ńbélé nìkan ló lè gba ipò ọ̀gá.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1939, oṣù kan lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò mú ìdènà náà kúrò. Àmọ́ ìgbà ogun nìkan ni ìkéde náà wà fún.

Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló fa ìyípadà yìí. Ikú ń pa àwọn awakọ̀ òfurufú, wọ́n sì nílò àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, tó mọ ìṣirò, tí ojú wọn sì ríran dáadáa. Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ wà l'Ékòó, ní Accra àti ní Freetown.

Peter Adeniyi Thomas, ọmọ gbajúmọ̀ oníṣòwò l'Ékòó, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ìdílé tó ti wá kì í ṣe kékeré: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Stella Thomas, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Peter ní tirẹ̀ di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ipò ọ̀gá nínú RAF, ó sì di awakọ̀ bàálù.

Àpapọ̀ àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó fò nínú bàálù RAF nígbà ogun náà kò tó 100. Àwọn tó wá láti erékùṣù Caribbean pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Abidjan nígbà náà?

Ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí ló ń pinnu irú ogun tó máa jà nígbà náà. Ẹni tó bá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abidjan yóò rí i kedere.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1940, Jámánì ṣẹ́gun Faransé. Ìjọba tuntun tó fìdí sọlẹ̀ sí ìlú Vichy bá Hitler ṣe àdéhùn. Gómìnà tó ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti Dakar, Pierre Boisson, sì fara mọ́ Vichy. Bí Abidjan, tó jẹ́ olú ìlú Côte d'Ivoire nígbà náà, ṣe bọ́ sí abẹ́ ìjọba tí kò bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe mọ́ nìyẹn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ọmọ ogun Charles de Gaulle kọlu Dakar, wọn kò sì rí i gbà. Vichy gbẹ̀san: bàálù rẹ̀ ju àdó olóró sí Gibraltar.

Ní oṣù kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ létí òkun kan náà, ní Takoradi, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Ghana lónìí. Inú àpótí ni wọ́n ti ń kó bàálù ogun wá nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á tò ó pọ̀ ní Takoradi, wọ́n á sì fò ó gba Èkó, Kano, Maiduguri àti Khartoum lọ sí Cairo, ìrìnàjò tó tó 6,000 kìlómítà. Bàálù tó lé ní 5,000 ló gba ọ̀nà yìí kí ogun tó parí.

Fún ọmọdé tó ń dàgbà l'Ékòó tàbí ní Takoradi, bàálù ogun kì í ṣe àwòrán inú ìwé ìròyìn mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lókè orí wọn.

Ní Abidjan, àwọn ọ̀dọ́ kò ní irú àǹfààní tí àwọn ará Èkó ní láti wọ RAF. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó wà níbẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anango, bá ara wọn lábẹ́ ìjọba tó ń bá ìjọba tó ń ṣàkóso ilé wọn ṣọ̀tá.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kíní, ọdún 1942, ọba àwọn Abron ní agbègbè Bondoukou, Kouadio Agyeman, àti ọmọ rẹ̀ Kouamé Adingra, kó ọ̀pọ̀ èèyàn wọn sọdá ààlà lọ sí Gold Coast láti dara pọ̀ mọ́ de Gaulle. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Àríwá Áfíríkà ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1942, ni Dakar àti Abidjan tó padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá Hitler jà.

Ènìyàn méje nínú bàálù kan

Bàálù tí wọ́n ń pè ní Lancaster ni ìkọ̀ 156 ń lò. Ènìyàn méje ló máa ń wà nínú rẹ̀: awakọ̀, ẹnjiníà, ẹni tó ń ṣírò ọ̀nà, ẹni tó ń ju àdó olóró, ẹni tó ń mójútó rédíò, àti oníbọn méjì, ọ̀kan lórí àti ọ̀kan ní ìdí bàálù.

Nínú òtútù, nínú òkùnkùn, fún wákàtí méje tàbí mẹ́jọ, ẹ̀mí olúkúlùkù wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́fà yòókù. Tí oníbọn bá sùn, gbogbo wọn ló kú. Tí ẹni tó ń ṣírò ọ̀nà bá ṣì í, ó lè gbé wọn lọ sórí ìlú tó kún fún ìbọn ńlá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara kì í fi í ní ààyè púpọ̀ nínú bàálù, kódà nígbà tó wà níta rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ti Akin Shenbanjo láti Nàìjíríà, tó ń mójútó rédíò nínú bàálù Halifax ní ìkọ̀ 76. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ bàálù wọn ní orúkọ nítorí rẹ̀: "Achtung! The Black Prince". Ọmọ ọba aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń pè é, èdè Jámánì ni wọ́n sì fi kì í nílọ̀ fún ọ̀tá. Shenbanjo gba àmì ẹ̀yẹ DFC fún ìgboyà rẹ̀.

Ìgbà 30 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fò lọ jagun kí wọ́n tó fún un ní ìsinmi. Fún àwọn atọ́nà, ìgbà 45 ni. Ọ̀pọ̀ wọn kì í rí ìparí rẹ̀.

Nínú nǹkan bíi 125,000 ènìyàn tó fò nínú bàálù àdó olóró ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà, 55,573 ló kú. Èyí túmọ̀ sí pé nínú gbogbo 100 tó bá wọlé, 44 kò padà sílé. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ológun púpọ̀ ló rí irú ikú bẹ́ẹ̀ nínú ogun náà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ Nuremberg?

Ohun mẹ́rin ló parapọ̀ di àjálù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àkọ́kọ́ ni òṣùpá. Lásìkò tí òṣùpá bá ń ràn báyẹn, RAF kì í sábà rán bàálù rẹ̀ lọ jìnnà. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lérò pé ìkùukùu yóò bo bàálù nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Kò sí ìkùukùu.

Ìkejì ni ọ̀nà tí wọ́n yàn. Láti ilẹ̀ Belgium, wọ́n fò tààrà fún ohun tó lé ní 400 kìlómítà láìyà sí ibì kan. Àwọn ológun Jámánì kò nílò láti ro ibi tí wọ́n ń gbà.

Ìkẹta ni pé ibi méjì tí àwọn bàálù ìjà alẹ́ Jámánì ti ń pàdé, tí wọ́n fi rédíò sàmì sí, tí wọ́n sì ń pè ní Ida àti Otto, wà nítòsí ọ̀nà náà gan-an. Bí ẹni tó ń lọ sóko tó sì gba ẹnu iho ejò kọjá ni.

Ìkẹrin ni òtútù. Afẹ́fẹ́ tutù débi pé èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn bàálù kọ̀ọ̀kan, òṣùpá sì ń tàn sí i lára. Ẹni tó bá wo ojú ọ̀run á rí ipa ọ̀nà wọn bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun fà á.

Àwọn bàálù Jámánì kan tún ní ìbọn tó kọjú sókè. Wọ́n á wá sábẹ́ Lancaster, níbi tí oníbọn kankan kò lè rí wọn, wọ́n á sì yìnbọn sí àgbá epo tó wà nínú ìyẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú kò mọ ohun tó bà wọ́n.

Nínú bàálù 95 tí wọ́n pàdánù, nǹkan bíi 80 ló ti já lulẹ̀ lójú ọ̀nà lílọ tàbí nítòsí Nuremberg. Ìkọ̀ 156 nìkan pàdánù Lancaster mẹ́rin. Vivour wà nínú ọ̀kan lára wọn.

Èyí tó tún dunni jù ni pé ìrìnàjò náà kò yọrí sí nǹkan. Ìkùukùu tí wọn kò rí lójú ọ̀nà wá bo Nuremberg mọ́lẹ̀, atẹ́gùn líle sì ti gbé àwọn atọ́nà kúrò ní ọ̀nà wọn. Àwọn kan ju ẹrù wọn sí Schweinfurt, ìlú mìíràn tó jìnnà síbẹ̀, tí wọ́n rò pé Nuremberg ni.

Àwọn ọmọ ogun òfurufú 545 ló kú lálẹ́ ọjọ́ kan yẹn. Iye yìí ju gbogbo awakọ̀ RAF tó kú nínú ogun gbajúmọ̀ tí wọ́n jà lórí England lọ́dún 1940. Kò sí alẹ́ mìíràn nínú gbogbo ogun náà tí àwọn bàálù àdó olóró ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn Yorùbá ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Lálẹ́ Nuremberg, ìgboyà kò dín. Ètò ló mẹ́hẹ.

Àwọn mìíràn ńkọ́?

Peter Thomas, awakọ̀ àkọ́kọ́ náà, kò rí òpin ogun. Ìjàm̀bá bàálù ló pa á ní oṣù Kíní, ọdún 1945, nígbà tí ogun ku oṣù díẹ̀ kó parí.

Johnny Smythe láti Freetown, tó ń ṣírò ọ̀nà nínú bàálù, já bọ́ lórí Jámánì ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1943. Ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì mú un lẹ́rú ogun títí di ọdún 1945. Lẹ́yìn náà, òun ni ọ̀gá tó wà nínú ọkọ̀ Empire Windrush lọ́dún 1948, ọkọ̀ tó kó àwọn ará Caribbean lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà di agbẹjọ́rò àgbà fún orílẹ̀-èdè Sierra Leone.

Adesanya Hyde, ọmọ Sierra Leone tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ìran Yorùbá kò jìnnà sí i, gba àmì ẹ̀yẹ DFC. Ó padà di aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin Vivour àti Hyde tàbí Smythe kì í ṣe ti ọgbọ́n tàbí ìgboyà. Orí ló yàtọ̀.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ bàálù

Ìtàn yìí ní apá mìíràn tí kò ṣe é fojú fò. Ibi tí àdó olóró ń bọ́ sí, ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú, tó fi mọ́ obìnrin àti ọmọdé, ló kú nínú àdó olóró tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà jù sí àwọn ìlú Jámánì. Nuremberg tó bọ́ lọ́wọ́ wọn lóṣù Kẹta ọdún 1944 kò bọ́ mọ́ ní ọjọ́ 2, oṣù Kíní, ọdún 1945, nígbà tí wọ́n run àárín gbùngbùn ìlú àtijọ́ náà.

Àwọn kan ní kò sí ọ̀nà mìíràn láti ṣẹ́gun ìjọba tó ń pa àwọn Júù run, tó sì ń ka adúláwọ̀ sí ẹni tí kò pé ènìyàn. Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí wọ́n sọ ilé àwọn ará ìlú di ojú ogun. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ó wà lára ìdí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò fi tètè bu ọlá fún àwọn tó fò. Ọdún 2012 ni wọ́n tó ṣí ìrántí ńlá fún wọn ní Green Park, London. Ọdún 2013 ni wọ́n tó fún àwọn tó kù láyé ní àmì tí wọ́n ń fi sára mẹ́dàlì, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún.

Ta ni à ń rántí?

Lọ́dún 2021, àjọ tó ń bójútó ibojì àwọn ológun Commonwealth gbé ìròyìn kan jáde nípa ogun àgbáyé kìíní. Ó ní ó kéré tán, 116,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibi ìrántí kankan, bóyá iye wọn tilẹ̀ tó 350,000. Àjọ náà tọrọ àforíjì.

Ti Vivour yàtọ̀. Nítorí pé inú bàálù kan náà ni òun àti àwọn òyìnbó kú sí, orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ bíi tiwọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹlẹ́rù tó kú sínú igbó ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà nínú ogun kìíní kò rí irú rẹ̀ gbà. Ọmọ adúláwọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì.

Lọ́dún 2017, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan fún àwọn ológun Áfíríkà àti Caribbean ní Windrush Square, ní Brixton, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbà kọjá ní London lójoojúmọ́.

Àmọ́ nílé ńkọ́? Ìwé ìtàn ilé ẹ̀kọ́ wa sábà máa ń dárúkọ ogun Bọ́mà, kó tó kọjá lọ sórí òmìnira. Àwọn tó kú lójú òfurufú kì í sí níbẹ̀.

Ogun parí, ọ̀tá di olùkọ́

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1964, Nàìjíríà dá iléeṣẹ́ ológun òfurufú tirẹ̀ sílẹ̀. Ogún ọdún péré ni lẹ́yìn alẹ́ Nuremberg.

Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá bá a tò ó. Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì ni. Ará Jámánì, Gerhard Kahtz, ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Wolfgang Thimmig.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, awakọ̀ bàálù ìjà alẹ́ ni Thimmig. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá bàálù àdó olóró ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kiri nínú òkùnkùn, kó sì já wọn lulẹ̀. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó pa Bankole Vivour ló wá kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ òfurufú ilẹ̀ wọn.

Ní oṣù Kíní, ọdún 1966, George Kurubo gba ipò náà, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí iléeṣẹ́ ológun òfurufú náà. Nígbà yẹn, Vivour ti lo nǹkan bíi ọdún méjìlélógún nínú ilẹ̀ Yúróòpù.